Àwa Méjèèjì Péré Létí Òkun

Ní Fìdítì, bí o bá sọ fún ènìyàn pé ò ń lọ sí etí òkun, ohun àkọ́kọ́ tó máa bi ọ́ ni pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Kò ní bi ọ́ bóyá ibẹ̀ dùn, kò sì ní bi ọ́ irú ẹja tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àgàgà láàárín àwa Aládùúrà, ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn ló ń lọ sí òkun: ẹni tó ń wá ọmọ, ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tí ilé ẹjọ́ ń pè. Wọ́n á wọ sùtánà funfun, wọ́n á kó àbẹ́là dání, wọ́n á kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, wọ́n á ké títí ohùn á fi há, wọ́n á sì bu omi òkun bọ̀ wálé nínú kẹ́ẹ̀gì. Pé kí ènìyàn tí ara rẹ̀ le kàn dìde láti Fìdítì, kó lọ jókòó ti òkun lásán? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Wọ́n á ní nǹkan ti ń ṣe é.

Ohun tó sì wu Fọláfúnmi gan-an nìyẹn: kó lọ jókòó ti òkun lásán.

Ọmọ Ọ̀pádọ̀tun ọlọ́sàn ni. Ẹ̀gbẹ́ títì tó lọ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ló dàgbà sí, nídìí igbá ọsàn ìyá rẹ̀. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti ń bó ọsàn láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já, ó sì ti mọ ọkọ̀ tó máa dúró rajà yàtọ̀ sí èyí tó kàn dẹ eré díẹ̀ láti fi ọmọ ọlọ́sàn ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Níbo ni gbogbo mọ́tò wọ̀nyí ń lọ?"

"Èkó ni."

"Tí wọ́n bá dé Èkó ńkọ́?"

"Òkun ló kù. Ọ̀nà parí nìyẹn. Gbé ọsàn sókè jàre, kọsítọ́mà ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ibi tí ọ̀nà ti parí yìí ti ń wù ú. Ó dàgbà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Ọ̀yọ́, ìjọba sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlọrà. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń wọ mọ́tò láti Fìdítì lọ sí Ìlọrà láàárọ̀, tó sì ń wọ̀ ọ́ padà ní ọ̀sán. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nípa òkun. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Roqeebah na ọwọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ṣé òkun máa ń pariwo?"

"Wọ́n ní ó máa ń pariwo."

"Ta ló sọ fún yín?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fọláfúnmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Àgbàlagbà tíṣà, ó ń fi ẹnu ẹlòmíì ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ̀ ò rí.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò lọ. Àgbádárìgì ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tó gba iṣẹ́ ni bàbá rẹ̀ kú, ó fi àbúrò méjì sílẹ̀ fún un, Dárasími àti Ayọ̀olúwa, tẹnu-tẹnu wọn, tìwé-tìwé wọn. Owó tó yẹ kó fi ra bàtà, ìwé ló fi rà. Nígbà tí àwọn méjèèjì fi máa parí ilé ẹ̀kọ́, òun ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, àwọn ènìyàn sì ti ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí i bí ẹni ń kí aláìsàn: "Tíṣà, Ọlọ́run ò ní gbàgbé rẹ o." Á ní, "Àmín mà," á sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti búra pé lọ́jọ́ tí òun bá máa rí òkun, òun ò ní bá èrò lọ. Òun àti ẹni tí òun fẹ́ràn ni. Kò ní sí ẹnì kẹta.

Lọ́dún kan báyìí, ẹ̀rọ tó ń fa omi nílé ẹ̀kọ́ wọn bà jẹ́. Wọ́n pe Olúṣèyí láti Akínmọ̀ọ́rìn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá ló ń tún ṣe ní tirẹ̀, ọ̀kadà ló ń gùn kiri láti Akínmọ̀ọ́rìn dé Ìwàrè, ó so àpótí irinṣẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í sì í já ìyá rẹ̀ ní koro. Ẹ fi ti ìyá yẹn sọ́kàn o, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ló wá ṣe nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Hẹ́dímásítà ní irú ẹ̀rọ wo rèé. Ẹ̀rọ kọ́, tíṣà kíláàsì kẹrin ni.

Nígbà tí Olúṣèyí máa sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ó bi í pé, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?"

"Ọjọ́ mẹ́ta létí òkun," ni Fọláfúnmi wí. "Èmi àti ìwọ. Àwa méjèèjì péré."

"Hónímúùnù? Bí àwọn olówó? Ṣé a máa rówó ẹ̀?"

"Ìwọ ṣáà gbà. Fi ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Ó gbà. Ó sì fi ọwọ́ sọ́yà pé kò ní sí ẹnì kẹta.

Ẹ ò mọ tíṣà! Oṣù mẹ́fà gbáko ni Fọláfúnmi fi ṣètò ọjọ́ mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ wo àwọn òtẹ́ẹ̀lì orí fóònù. Iye tí wọ́n ń pè fún alẹ́ kan ṣoṣo, ó tó ra ẹ̀rọ gbágùúdá tuntun, ó sì pòṣé, ó pa fóònù dé. Ó wá rántí Ummu-Salamah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, tí ọkọ rẹ̀ mú lọ sí Àgbádárìgì. Ummu-Salamah kígbe lórí fóònù, ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ òun ní ilé kan tó kọjú sí ọ̀sà, ó ń fi yàrá ibẹ̀ gba àlejò ní owó táṣẹ́rẹ́, yàrá tó mọ́ tónítóní, fèrèsé rẹ̀ kọjú sómi. Láti ibẹ̀ ènìyàn á wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sódìkejì, á gba abẹ́ àgbọn rìn díẹ̀, ó di òkun. Oúnjẹ ńkọ́? Ẹja tútù láti ọwọ́ apẹja, ìdáná Ummu-Salamah sì wà fún wọn. Ọkọ̀ ńkọ́? Ṣàmsúdéènì awakọ̀ tó ti ń kó ọsàn bàbá rẹ̀ láti ayébáyé ń gbé ọsàn lọ sí Àgbádárìgì ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú oṣù Dèsẹ́ńbà, ó sì ń padà lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní ọmọ Ọ̀pádọ̀tun ò lè sanwó ọkọ̀ òun láéláé, àfi kó má ṣe dá òun lẹ́kun orin lójú ọ̀nà.

Fọláfúnmi ra gáùn búlúù kan. Ó yá rédíò kékeré tí wọ́n á fi jó lórí iyanrìn. Ó wá kọ ètò ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bí ẹni kọ ìwé ìmúrasílẹ̀ iṣẹ́: ọjọ́ kìíní, ká wo òkun, ọjọ́ kejì, ká jẹ ẹja, ká rìn, ọjọ́ kẹta, ká má ṣe nǹkan kan. Nígbà tí Olúṣèyí kà á dé ibi ọjọ́ kẹta, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n gbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kẹta nínú Dèsẹ́ńbà, lẹ́yìn tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa dé. Ó lárinrin. Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n sin ìyàwó lọ sílé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Akínmọ̀ọ́rìn, níbi tó yẹ kó lo ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn méjèèjì tó lọ sílé tí wọ́n gbà. Ìyá ọkọ yìí, Àwẹ̀ní lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àdúrà ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí òun ni olórí àwọn ìyá nínú ìjọ wọn. Obìnrin tó le bí òkúta ni, ó láàánú, ó sì láriwo. Tí Ìyá Àdúrà bá ṣe "àmín" ní Akínmọ̀ọ́rìn, wọ́n á gbọ́ ọ ní Ìlọrà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n tó jáde lọ ṣe ìdúpẹ́, Ìyá Àdúrà rí báàgì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣèyí, níbo lẹ̀ ń gbé báàgì lọ?"

"Etí òkun ni, Màmá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó bu mọ́ínmọ́ín sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó kù tó yẹ kó sọ, ó bá mọ́ínmọ́ín wọlé. Omi sì lé ròrò sójú ìyá rẹ̀. Ìyàwó tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó wọlé ọkọ, tó sì ń lọ sí òkun lọ́jọ́ kẹrin ìgbéyàwó: kí ló tún lè jẹ́, bí kò ṣe àdúrà ọmọ? Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè pa á mọ́ra. Nígbà tí ìdúpẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nínú ìjọ, ó gba gbohùngbohùn.

"Ẹ bá mi yin Olúwa! Àwọn ọmọ mi gbọ́n ju ọjọ́ orí wọn lọ! Wọn ò dúró kí ìṣòro dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń lọ sí etí òkun, èmi náà sì ń bá wọn lọ. Ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn, kó forúkọ sílẹ̀!"

Ìjọ hó yèè. Fọláfúnmi yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wòlíì Nehemiah, ọkùnrin gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, gbé agogo, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ló máa ṣáájú wọn. Ó ní kí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì. Ó wá nawọ́ sí tọkọtaya, ó ní kí wọ́n gba ààwẹ̀ láti òní lọ, àti pé, kí ara wọn lè mọ́, wọn ò gbọdọ̀ fara kan ara wọn títí di ọjọ́ Ẹtì.

Títí di ọjọ́ Ẹtì! Ìyàwó ọjọ́ kejì! Ẹ gbà mí o! Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n wò ó, ó sì sọ ọ́ di ikọ́.

Kí ìsìn tó parí, èèyàn mẹ́tàdínlógún ti forúkọ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kẹ́ẹ̀gì ti kún iwájú ilé, wọ́n kọ orúkọ olúkálukú sí i lára, torí àwọn tí kò lè lọ ní kí wọ́n bá àwọn bu omi òkun bọ̀. Bàbá kan gbé èyí tó gba lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá. Lálẹ́, Ìyá Àdúrà tẹ́ ẹní fún Olúṣèyí ní pálọ̀, ó mú ìyàwó wọ yàrá tirẹ̀ kó lè máa ṣọ́ ààwẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ sùn, Fọláfúnmi rí ọkọ rẹ̀ mú lẹ́yìnkùlé.

"Ṣèyí, kí lo sọ fún Màmá?"

"Mo ní à ń lọ sí etí òkun."

"O wá dákẹ́ síbẹ̀?"

"Mo rò pé wọ́n mọ̀ pé hónímúùnù ni."

"Ìyá Àdúrà! Ní Akínmọ̀ọ́rìn! Ta ló ti lọ ṣe hónímúùnù létí òkun rí ní Akínmọ̀ọ́rìn?"

Olúṣèyí họ orí. "Fọlá, jẹ́ ká bá wọn lọ. Tí wọ́n bá gbàdúrà tán, àwa á dúró lẹ́yìn fún wákàtí kan."

"Wákàtí kan?" Ó gbé ìka kan sókè. "Ohun kan ṣoṣo ni mo bèèrè lọ́wọ́ rẹ. Mi ò bèèrè gòólù. Mi ò bèèrè mọ́tò. Ohun kan ṣoṣo."

"Màmá ni, Fọlá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kojú wọn, kí n ní kí wọ́n má tẹ̀ lé wa?"

"Bí o kò bá lè sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

Ó wọlé. Inú ń bí i, ẹ̀rù sì ń bà á. Ìyàwó ọjọ́ kejì ní ilé ọkọ, tí yóò la ẹnu sọ fún ìyá ọkọ pé kó má bá òun rìn! Bí ó bá sọ ọ́ tí ó yíwọ́, orúkọ tí wọ́n á sọ ọ́ ní Akínmọ̀ọ́rìn kò ní kúrò lára rẹ̀ títí tó fi máa darúgbó. Bí kò bá sì sọ ọ́, ó mọ̀ pé báyìí ni yóò máa rí títí ayé: ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ òun, gbogbo ìjọ ni yóò máa jókòó sí àárín rẹ̀. Kò fojú kan oorun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Àdúrà ń sá sùtánà sórí okùn. Fọláfúnmi kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ìyàwó mi. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

"Ẹ jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀, mà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, bí mo bá dìde, mi ò ní lè sọ ọ́."

Ìyá Àdúrà yíjú padà.

"Kì í ṣe àdúrà la fẹ́ lọ gbà létí òkun, mà. Ẹ dárí jì wá. Ọmọ yín ò ṣàlàyé ni."

"Kí lẹ wá fẹ́ lọ ṣe?"

"A fẹ́ lọ wò ó ni, mà."

"Ẹ fẹ́ lọ wo kí ni?"

"Òkun, mà."

"Tí ẹ bá wò ó tán?"

"A ó jókòó, mà. Èmi àti ọmọ yín. Àwa méjèèjì péré."

Obìnrin náà fi sùtánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé.

"O fẹ́ kí n lọ dúró níwájú ìjọ, kí n ní irọ́ ni mo pa? Èmi Àwẹ̀ní?"

"Rárá o, mà. Èmi fúnra mi ni mo máa sọ ọ́ níbi àdúrà ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ṣáà má bínú sí mi."

"Mo máa bínú sí ọ ni! Ọmọ ńkọ́? Ṣé o ò fẹ́ bímọ ni?"

"Mo fẹ́ bímọ, mà." Fọláfúnmi tẹ orí ba. "Ṣùgbọ́n Wòlíì ní a ò gbọdọ̀ fara kan ara wa. Màmá, báwo la ṣe máa wá bí i?"

Ìyá Àdúrà fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ó gbìyànjú láti le ojú, ojú kọ̀. Ẹ̀rín ló jáde, ẹ̀rín tó mú aládùúgbò yọjú lórí ògiri. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi sùtánà tútù nu ojú. Nígbà tó ṣe, ó fa àpótí kan sún mọ́ ara rẹ̀, ó jókòó, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti dé etí òkun," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀meje, ìyàwó. Bí o bá ní kí n sọ bó ṣe rí fún ọ báyìí, mi ò lè sọ ọ́. Mo ń dijú ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí a lọ, bàbá Ṣèyí bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú omi. Ó ń pè mí pé, 'Àwẹ̀ní, wá o, wá wo nǹkan!' Mo la ojú díẹ̀, mo pòṣé sí i, mo tún dijú padà. Mo ní ó fẹ́ ba àdúrà mi jẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú."

Fọláfúnmi sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ ìyá náà mú.

"Ọlọ́run gbọ́ àdúrà wọ̀nyẹn o," ni Ìyá Àdúrà wí. "Mi ò kábàámọ̀ àdúrà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n dìde lọ́jọ́ yẹn." Ó nu ojú. "Lọ sọ ọ́ lálẹ́ bí o ṣe wí. Jẹ́ kí n rí i bóyá o gbójú lóòótọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìjọ kún. Fọláfúnmi dìde láàárín wọn, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó sì sọ ọ́. Ó ní hónímúùnù ni, kì í ṣe ìrìn àdúrà. Ó ní òun ò fi òkun ṣe yẹ̀yẹ́, òun ò sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹrù ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kàn fẹ́ dá lọ pẹ̀lú ọkọ òun ni.

Ẹ wá gbọ́ kùn-kùn-kùn! Obìnrin kan ní, "Ìyàwó yìí mà yájú o." Òmíràn ní tíṣà ni, ìwé ló ń gùn ún. Wòlíì Nehemiah gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

"Ìyàwó, mo ti rí ìran. Mo rí ọkọ̀ funfun, èèyàn mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀."

Ibẹ̀ ni Olúṣèyí ti dìde. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Èmi lẹ̀bi wà lọ́wọ́ ẹ̀," ló wí. "Oṣù mẹ́fà ló fi ṣètò yìí. Èmi ni mo ṣèlérí fún un, èmi ni mo bẹ̀rù. Ìyàwó mi ò yájú. Òótọ́ ló sọ. Àwa méjèèjì péré là ń lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Fọláfúnmi wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Mo sọ fún yín, bí wọ́n bá ní kí wọ́n tún ìgbéyàwó yẹn ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á tún fẹ́ ẹ.

Ìyá Àdúrà ò dúró kí Wòlíì tún lu agogo. Ó dìde níwájú, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Wòlíì, ọkọ̀ tí ẹ rí, òótọ́ ni. Ti oṣù kìíní ni. Èmi Àwẹ̀ní ni mo máa kó yín lọ, a ó sì gbàdúrà títí òkun á fi mọ̀ pé a wá. Àwọn ọmọ mi ò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ̀gì níwájú ilé mi, kó wá gbé e kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ààwẹ̀ tí mo fún wọn ńkọ́, Ìyá Àdúrà?"

"Ẹ̀yin ẹ bá wọn gbà á."

Ilé ìjọsìn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Àwọn tó ń kùn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wòlíì Nehemiah fúnra rẹ̀ fi agogo bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá onílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló gbé orin, gbogbo ìjọ sì fi orin náà sin tọkọtaya délé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àdúrà fúnra rẹ̀ ló ká ẹní tó wà ní pálọ̀, ó sì lọ sùn sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́, Ṣàmsúdéènì ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, ọsàn kún ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ dé orí. Ó kọrin láti Akínmọ̀ọ́rìn dé Àgbádárìgì, ohùn rẹ̀ burú, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Ummu-Salamah ti ń dúró dè wọ́n, ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fò sókè, ó ní kí wọ́n wá jẹun. Fọláfúnmi ní oúnjẹ á dúró. Ó kàn wọlé pààrọ̀ aṣọ ni, ó wọ gáùn búlúù. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá, wọ́n gba abẹ́ àgbọn, iyanrìn gbóná lábẹ́ bàtà wọn. Olúṣèyí ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, títí ó fi rí i pé ìyàwó òun ti dúró.

Òkun rèé. Ó lọ títí kò lópin, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì tàn sí i lára. Fọláfúnmi gbé ọwọ́ lé àyà. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ṣé kí á jókòó?" ni Olúṣèyí bi í.

"A máa jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta la ní. Bọ́ bàtà ná."

"Èmi? Fọlá, mi ò mọ omi wẹ̀ o!"

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Orúnkún la máa dé. Ká ṣòkòtò rẹ."

Ó fà á. Ọkùnrin náà ń pe Jésù ní gbogbo ìṣísẹ̀. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó tutù, wọ́n kígbe. Ó dé orúnkún. Ìgbì kan wá bí eré bí eré, ó gbá wọn lulẹ̀ pọ̀, ó kó iyanrìn sí wọn lẹ́nu, ó sì tú wọn dà sétí omi. Wọ́n jókòó síbẹ̀, aṣọ wọn rin gbingbin, wọ́n wo ara wọn. Olúṣèyí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Fọláfúnmi dìde, gáùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó na apá méjèèjì sókè, ó sì kígbe sí òkun pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀:

"Èmi Fọláfúnmi, ọmọ Ọ̀pádọ̀tun! Mo dé o!"

Ìgbì mìíràn ti ń bọ̀. Ó na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ dì í mú, àwọn méjèèjì sì sáré lọ pàdé rẹ̀.